Ewé Tí Kò Fẹ́ Omi Púpọ̀: Ìtọ́jú Àbámodá àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Nínú Yàrá

 

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìgàndó, ẹ ó ti mọ irú ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ ra ilẹ̀ sí agbègbè Alímòṣọ́ yìí bá oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ níbẹ̀. Lónìí, ilé ti fara ti ilé. A ti fi símẹ́ńtì bo àgbàlá, kànga wà ní igun kan, táǹkì omi wà ní igun kejì, ọkọ̀ onílé sì gba ìyókù. Obìnrin tí ó bá fẹ́ràn ohun tútù lójú kò rí ibi tí yóò gbin ewúro mẹ́ta sí. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún púpọ̀ nínú wa ni etí fèrèsé, èyí tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Orí etí fèrèsé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé àwọn ewéko kan wà tí ibẹ̀ tó wọn í gbé.

Àwọn ewéko oníewé-kíki ni mo ń wí, àwọn tí ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ewé wọn bí ìyá arúgbó ti ń tọ́jú owó sí ìdí aṣọ. Àbámodá wà nínú wọn, ọ̀dúndún sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Etí erin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn èyí tí àwọn onílé-ìṣọ̀ọ́ṣọ́ ń pè ní aloe vera. Bákan náà ni ọjá ìkookò, tí ewé rẹ̀ nà ṣánṣán sókè bí idà, tí ó ní àwọ̀ adíkálà. Ẹ kò nílò láti ná owó púpọ̀ kí ẹ tó rí wọn. Wọ́n wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, wọ́n wà lórí àtẹ àwọn ìyá elewé-ọmọ lọ́jà, àbámodá sì máa ń dá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àlàpà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Kí n tó gbà yín níyànjú, ó tọ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi náà ti pa ewéko rí. Ní ọdún tí mo bí àkọ́bí mi, mo ra etí erin kékeré kan nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Mo gbé e sínú ago ẹlẹ́wà kan tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó, ago tí kò ní ihò nídìí. Láràárọ̀, bí mo bá ti wẹ ọmọ tán, mo máa ń bu omi fún òun náà. Mo rò pé bí ọmọ ti ń mu ọmú lójoojúmọ́ ni ewéko ń mu omi lójoojúmọ́. Kò pé oṣù kan tí ìdí rẹ̀ fi rọ̀ bẹ̀tẹ̀, tí ewé rẹ̀ di pọ́n-ún bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti gọ̀, tí òórùn burúkú sì ń ti inú ago náà jáde. Ará ilé wa kan sọ fún mi pé ọwọ́ mi gbóná, pé àwọn ènìyàn kan wà tí ewéko kì í bá gbé. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko, n kò sì ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ gbígbóná kọ́ o. Omi ni mo fi pa á. Gbòǹgbò ewéko máa ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń mí. Bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ pẹ́ títí, kò ní rí atẹ́gùn, yóò kú, òkú gbòǹgbò náà ni yóò sì fa ìrà wá sí gbogbo ara. Ewéko tí ó ti ní omi nínú ewé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tètè máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ sínú ewé ìwé yìí, ẹ rántí èyí: ẹ má ṣe bomi rin ín nítorí pé ilẹ̀ mọ́. Ẹ ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ẹ bá bá ọ̀rinrin níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ pátápátá, ẹ bomi sí i dáadáa títí omi yóò fi máa jáde láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó jáde náà nù. Ní àkókò òjò, ní pàtàkì láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, nígbà tí aṣọ tí a sá kì í gbẹ lọ́jọ́ méjì, èmi kì í bomi rin tèmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ọmọ ń là, ó lè tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìka yín ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba kàlẹ́ńdà gbọ́.

Ẹ̀rí wà lára ewé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ewé bá hunjọ tí ó sì tẹ́ pẹlẹbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí ó bá rọ̀, tí ó ń tàn bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i, omi ti pọ̀ jù. Ti àkọ́kọ́ ní àtúnṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ti èkejì ṣòro: àfi kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ gé gbogbo ibi tí ó ti rà dànù, kí ẹ fi ìyókù síbi tí kò sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kí ẹ tó tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun.

Nípa ìkòkò, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Agolo mílíìkì ńlá dára, ike bọ́tà dára, ìkòkò amọ̀ ló sì dára jù nítorí pé ara rẹ̀ ń mí. Ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀ ni ihò nídìí. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ike, ó tán. Ilẹ̀ dúdú lásán kò dára fún irú ewéko yìí, nítorí pé ó máa ń di omi mú. Ẹ wá ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n kan, kí ẹ pò ó mọ́ iyanrìn tí ó ní hóró, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po símẹ́ńtì, ìwọ̀n kan pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní èédú tí ó ti rún wẹ́wẹ́ ní ìdí ààrò, ẹ bù ú mọ́ ọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lọ wa ilẹ̀ láti ẹ̀bá ààtàn, bí ó ti wù kí ó dúdú tó. Àgbègbè wa kò ṣàìní ààtàn ńlá, a kò sì mọ ohun tí bátìrì àtijọ́ àti oríṣiríṣi kẹ́míkà ti fi sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ń rá kò sì lè ṣàì ti ọwọ́ bọ ìkòkò lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò tún kù. Púpọ̀ nínú wa máa ń gbé àwo sábẹ́ ìkòkò kí omi má baà ba àga jẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ó bá dúró sínú àwo náà fún ọ̀sẹ̀ kan ti tó fún ẹ̀fọn láti yé sí, kí tanwíjí inú rẹ̀ sì di ẹ̀fọn tí ń fò. Kí ni èrè obìnrin tí ó ta nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tí ó sì ń sin ẹ̀fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ ló dára jù lọ fún àbámodá, ọ̀dúndún àti etí erin. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀pá rẹ̀ ń ga gàgàrà, tí ó tẹ̀ sí ọ̀nà kan, tí àlàfo sì pọ̀ láàárín ewé kan àti èkejì, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá. Ẹ sún un mọ́ fèrèsé, kí ẹ sì máa yí ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má kàn gbé e láti inú òkùnkùn bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán gangan o, nítorí pé ewé rẹ̀ yóò jó. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí fèrèsé yín kọjú sí ògiri ilé kejì, ọjá ìkookò ni kí ẹ mú. Òun nìkan ni mo mọ̀ tí ó lè fara da irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, kò sì ní bínú bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì tí ẹ kò padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò kàn ní yára dàgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ewéko ṣe padà sínú yàrá mi. Ìyá ọkọ mi ni ó wá bá wa tọ́jú ọmọ kejì. Nínú ẹrù wọn, láàárín ọṣẹ dúdú àti èlùbọ́, ewé àbámodá mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bébà dì. N kò rí ibi tí n ó fi wọ́n sí. Màmá mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì fi pín-ìnnì kọ́ ọ mọ́ kọ́tìnì.

Mo ní, "Màmá, ṣé kò ní gbẹ síbẹ̀ báyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìwọ ṣáà máa wò ó."

Kò sí ilẹ̀, kò sí omi. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì, ní gbogbo ibi tí etí ewé náà ti ní gé-gè-gé bí ẹnu ayùn, ọmọ ewéko tín-ín-tìn-ìn-tín bẹ̀rẹ̀ sí yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú ewé méjì àti gbòǹgbò tí kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Inú ewé ìyá wọn ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ àti omi. Bí wọ́n ti ń tóbi ni òun ń hunjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣàì yé yín.

Kì í ṣe èmi nìkan ni àbámodá yà lẹ́nu. Goethe, akéwì ńlá ilẹ̀ Jámánì tí ó kú ní 1832, fẹ́ràn ewéko yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fi ọmọ rẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Títí di òní, àwọn ará Jámánì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ewéko náà. Erékùṣù Madagásíkà ni àwọn onímọ̀ sọ pé àbámodá ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti tàn dé gbogbo ilẹ̀ olóoru ayé. Ọ̀dúndún ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì kò gbàgbé orúkọ rẹ̀: nígbà tí Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gba orúkọ Fátúnbí, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé Yorùbá jáde ní 1995, ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní èdè Potogí. Nílé wa níhìn-ín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àwọn àgbà bá ń wá ẹ̀rọ̀, ọ̀dúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni wọ́n ń lọ já. Orúkọ àbámodá fúnra rẹ̀ jẹ́ àdúrà, àbá tí mo dá, kí ó ṣẹ.

Láti gbìn ín, ẹ gbé ewé kan tí ó gbó lé orí iyanrìn tútù, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti ga tó èékánná, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀dúndún kò rí bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ni kí ẹ gé ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó kì í bọ ilẹ̀. Etí erin máa ń bí ọmọ sí ìdí ara rẹ̀, kí ẹ yọ wọ́n tàwọn ti gbòǹgbò. A lè gé ewé ọjá ìkookò sí wẹ́wẹ́ kí a gbìn ín, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ó wà nísàlẹ̀, bí ẹ bá yí i po kò ní hù. Ó sì gba sùúrù, ó lè ju oṣù méjì lọ.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn tí ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù pé òun já ewé àbámodá jẹ ní òwúrọ̀, ó kan gan-an. Nígbà tí ó di ọ̀sán, kò ní adùn kankan. Ní ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí ìdí rẹ̀. Ewéko mìíràn máa ń ṣí àwọn ihò kéékèèké ara rẹ̀ ní ọ̀sán láti gba atẹ́gùn wọlé, omi ara rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn oníewé-kíki kò jẹ́ ná omi báyẹn. Òru ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, wọn a gba ohun tí wọ́n nílò nínú atẹ́gùn, wọn a sọ ọ́ di ohun kíkan tí wọ́n tọ́jú sínú ewé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a fi iná oòrùn se é. Ó dà bí obìnrin tí ó ná ọjà alẹ́, tí ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ra ní ọ̀sán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè gbé etí fèrèsé láìmu omi fún ọjọ́ pípẹ́. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò bí i ti Heyne. N ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.)

Láti inú ọ̀rọ̀ òru yìí ni àwọn tí ń ta òdòdó ti rí ohun sọ. Wọn yóò ní kí ẹ gbé ọjá ìkookò sínú yàrá, pé yóò máa fọ atẹ́gùn yàrá mọ́ ní òru, pé àwọn ará NASA ní Amẹ́ríkà ló sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 1989, àwọn onímọ̀ NASA gbé oríṣiríṣi ewéko, tí ọjá ìkookò wà lára wọn, sínú àpótí kékeré tí a dé pinpin, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ nínú èéfín kẹ́míkà tí wọ́n fẹ́ sí i dínkù. Ṣùgbọ́n yàrá wa kì í ṣe àpótí. Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì, Cummings àti Waring, gbé gbogbo irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe, a ó nílò láti 10 títí dé 1,000 ìkòkò fún ìwọ̀n mítà kan ní òró àti ìbú ilẹ̀ yàrá. Níbo ni ọkọ yín yóò wá sùn?

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ mọ bí iná ìjọba ti rí ní àdúgbò wa. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ilé ìdáná nítorí ìbẹ̀rù olè, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn sùn. Mo ti gbọ́ ọ ní etí ara mi tí obìnrin kan sọ pé kò sí ewu, òun ní ewéko tí ń fa èéfín. Ẹ̀yin ará mi, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, inú á máa rìndọ̀, oorun á sì gbé ènìyàn lọ. A ti sin ìdílé odindi nítorí rẹ̀ ní ìlú Èkó yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kò sí ewé tí ó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ṣe ọgọ́rùn-ún ìkòkò. Ìta gbangba ni ààyè jẹnẹrétọ̀, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí ààyè lóde, ẹ pa á kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ. Àwọn ìyá wa fi abẹ̀bẹ̀ tọ́ wa.

Mo ṣèlérí láti sọ ìdí tí kò fi yẹ kí a tọ́ ewé náà wò. Àwọn èròjà kan wà nínú àbámodá àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń ba ìlù ọkàn jẹ́ bí wọ́n bá pọ̀. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, màlúù púpọ̀ ti jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ kú. Nítorí náà, ẹ gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ọmọ tí ń rá, kí ẹ má sì gé e dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́ onílé. Omi òféèfé tí ń jáde lábẹ́ awọ etí erin máa ń ṣu ènìyàn, kò yẹ kí aboyún tàbí abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú mu ún rárá, ohunkóhun tí ẹni tí ń tà á bá ní ó ń wò sàn. Èyí tí ó sì burú jù nínú wọn ni oró, ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, tí àwọn kan ti ń gbìn sínú ìkòkò nísinsìnyí nítorí ẹwà. Oje rẹ̀ funfun bí wàrà, bí ó bá ta sójú, ó lè fọ́ ọ. N kò ní fi oró sínú ilé tí ọmọ kékeré wà, bí wọ́n tilẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, kí ẹ máa da omi mímọ́ sí i láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó le díẹ̀ láti sọ, nítorí pé ó kan àwọn àgbà wa. Ewé mẹ́rin ni ìyá ọkọ mi mú wá, kì í sì í ṣe ti kọ́tìnì ni wọ́n mú wọn wá fún. Ìwọ́ ọmọ ni. Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí: a ó fi ewé àbámodá yán iná, a ó fún omi rẹ̀ sí ìdodo ọmọ tuntun kí ìwọ́ lè tètè gbẹ kí ó sì já. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí mo bímọ, màmá ti gbé ewé lé ojú iná.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Nọ́ọ̀sì ní kí a má fi nǹkan kan sí i àfi oògùn tí wọ́n fún wa."

Màmá ní, "Èyí tí a fi tọ́ ọkọ rẹ náà nìyí. Àbí ọkọ rẹ kò yè ni?"

Kí ni ìyàwó yóò sọ? Mo ní, "Ó yè dáadáa, mà, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n inú iyẹ̀pẹ̀ ni ewé yìí ti wá, a sì fi ìgbẹ́ ẹran ṣe ajílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, pé ojú ìwọ́ ni ó ń gbà wọlé."

Màmá dákẹ́. Nígbà tí ó yá wọ́n ní, "Èyí tí ẹnu ọmọ fi ń le, tí kì í lè mú ọmú mọ́?"

Mo ní, "Òun ni, mà."

Wọ́n sọ ewé náà kalẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn bí ọmọ kan ṣáájú ọkọ mi tí ó lọ báyẹn ní ọjọ́ kẹjọ. Ọkọ mi kò gbọ́ ọ rí. A jọ jókòó síbẹ̀ títí ọmọ fi jí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì yín pé ní ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ, nítorí pé ààbò rẹ̀ ń bá ọmọ dé ayé. Oògùn ìwọ́ tí wọ́n ń fúnni báyìí ni jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kàn án, kí ẹ sì lò ó gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì bá ti wí. Ẹ má ṣe fi sí ojú ọmọ láéláé. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn ọmọ kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ti fara pa lójú nítorí pé wọ́n ṣì í mú fún oògùn ojú. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo oògùn yòókù. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní omi àbámodá mu nítorí ikọ́. Ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Bí ikọ́ bá ń dà á láàmú, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ìyókù kò pọ̀. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú ní abẹ́ ewé, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ nù ún kúrò, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu eruku kúrò lára ewé. Ìkòkò tuntun kò pọn dandan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọdún méjì, kí ó má sì fi púpọ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nínú ọmọ mọ́kànlá tí ewé kọ́tìnì bí, mẹ́ta kú, mo fún àwọn ará ilé wa ní márùn-ún, mẹ́ta sì wà lọ́dọ̀ mi. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ti ga dé ìgbáròkó ọmọ mi àgbà. Ní oṣù kejìlá tí ó kọjá, ó ta òdòdó fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n so rọ̀ wálẹ̀ bí àtùpà kéékèèké, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ osùn pọ̀ mọ́ra wọn. Màmá wá wò ó, wọ́n sì ní kí n má fọwọ́ kàn án títí yóò fi rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá òdòdó náà gbẹ, mo gé e sílẹ̀ láti ìdí, ọ̀mùnú méjì sì ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.